Dókítà Tí Gbogbo Ìlú Fọkàn Tán

Bí a bá dárúkọ apànìyàn, ẹni tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọkùnrin olójú pípọ́n, tí irun rẹ̀ ta kókó, tí ń gbé inú igbó tàbí abẹ́ afárá, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orírun rẹ̀. Irú èrò bẹ́ẹ̀ a máa fi ọkàn ènìyàn balẹ̀, nítorí ó ń mú kí ó rò pé ìkà jìnnà sí àdúgbò òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa ènìyàn jù lọ nínú àkọsílẹ̀ àwọn apànìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òde òní kò gbé inú igbó. Inú ilé tirẹ̀ ni ó ń gbé, pẹ̀lú aya àti ọmọ mẹ́rin. Dókítà ni. Irùngbọ̀n ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, awò ń bẹ lójú rẹ̀, àpò ìṣègùn ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá sì kan ilẹ̀kùn, ńṣe ni àwọn ìyá arúgbó ń yára ṣí i fún un.

Harold Shipman ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Nottingham ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1946, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Leeds, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1970. Ní 1977 ni ó dé Hyde, ìlú kan tí kò tóbi púpọ̀ lẹ́bàá Manchester. Ó kọ́kọ́ bá àwọn dókítà mìíràn ṣiṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, kí ó tó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní òpópónà Market Street ní 1992. Àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 3,000. Ní 1983 ó ti fara hàn lórí tẹlifíṣàn, tí ó ń ṣàlàyé bí ó ṣe yẹ kí a máa tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ láàrin ìlú.

Ohun tí àwọn ará Hyde fẹ́ràn jù lọ lára rẹ̀ ni pé ó máa ń wá wo aláìsàn nílé. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn yìí gan-an ni ó sì fi pa wọ́n. Yóò lọ sí ilé àgbàlagbà tí ń dá gbé, obìnrin ni púpọ̀ jù nínú wọn, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é. Yóò gún wọn ní abẹ́rẹ́ diamorphine, oògùn apàrora líle tí a fi ń dẹ ìrora àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ ti dé góńgó lára wọn. Kò pẹ́ tí èémí fi ń dúró. Bí ẹbí tàbí aládùúgbò bá wọlé, wọn yóò bá òkú lórí àga, pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, bí ẹni tí ń tòògbé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Dókítà kan náà ni yóò wá kọ ìwé ẹ̀rí ikú. Yóò kọ ọ́ pé àrùn ọkàn ni, tàbí pé ogbó ni. Yóò sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n yẹ òkú wò, yóò sì gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n fi iná sun ún, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe níbẹ̀, nítorí eérú kì í jẹ́rìí. Nígbà kan, ó gbé tẹlifóònù lójú àwọn ènìyàn, ó ṣe bí ẹni ń pe ọkọ̀ aláìsàn, ó tún ṣe bí ẹni ń sọ pé kí ọkọ̀ má wá mọ́ nítorí ẹ̀mí ti bọ́. Nígbà tí wọ́n wo àkọsílẹ̀ tẹlifóònù náà lẹ́yìn ọ̀rẹ́yìn, kò pe ẹnikẹ́ni. Oògùn tí ó ń lò ńkọ́? Ó ń kọ ọ́ lórúkọ àwọn tí jẹjẹrẹ ń pa lọ, ó ń kọ ọ́ ju ohun tí wọ́n nílò lọ, ó sì ń kó èyí tí ó ṣẹ́kù sí àpò ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí ti ní ìtàn lẹ́yìn. Ní 1975, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Todmorden, àṣírí tú pé ó ń kọ ìwé oògùn èké kí ó lè rí pethidine gún ara rẹ̀. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn pọ́n-ùn 600 lé e ní 1976. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso àwọn oníṣègùn kìlọ̀ fún un, wọn kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣìnà yẹ fún àforíjì, bí ó bá ti gba ìtọ́jú. Ẹnikẹ́ni kò lè dá wọn lẹ́bi nítorí pé wọ́n ní àánú. Ṣùgbọ́n àforíjì àti ìgbàgbé kì í ṣe ọmọ ìyá. Wọ́n dárí jì í, wọ́n sì gbàgbé, ẹni tí ó ti fi oògùn ṣèrú nígbà kan sì ń kó oògùn kiri fún ọdún méjìlélógún mìíràn láìsí ẹni tí ń bi í léèrè iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àṣìṣe ni láti rò pé kò sí ẹni tí ó rí i. Àwọn tí ó rí i wà, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kéré ní ipò ni púpọ̀ nínú wọn. Awakọ̀ takisí kan wà ní Hyde tí àwọn arúgbó obìnrin ìlú náà jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn oníbàárà òun tí ara wọn le dáadáa ń kú lójijì, àti pé dókítà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń kọ ọ́, kò sì sọ ọ́, nítorí ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ awakọ̀ gbọ́ lórí dókítà? Àwọn onílé-iṣẹ́ ìsìnkú náà rí i. Wọ́n rí i pé òkú tí àwọn ń gbé láti ọ̀dọ̀ aláìsàn Shipman pọ̀, pé orí àga ni wọ́n sábà máa ń bá wọn, pé kò sí àmì àìsàn nínú yàrá. Bàbá onílé-iṣẹ́ náà lọ bá dókítà fúnra rẹ̀. Ó dá a lóhùn ní pẹ̀lẹ́tù pé kò sí ohun tí ó yẹ kí ó kó ìdààmú bá a. Ọkàn bàbá náà balẹ̀. Ọkàn ọmọbìnrin rẹ̀ kò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yìí dé etí dókítà obìnrin kan ní ilé ìwòsàn tí ó dojú kọ ti Shipman. Òfin ìgbà náà ní kí dókítà kejì fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó fi iná sun òkú, ilé ìwòsàn yìí ni ó sì ń bá Shipman fọwọ́ sí i. Obìnrin náà ka iye ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí, ó rí i pé òkú ọ̀dọ̀ Shipman pọ̀ ju ti àwọn lọ, bẹ́ẹ̀ aláìsàn tiwọn pọ̀ ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po. Ní oṣù kẹta 1998 ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ìwádìí ikú òjijì, ìyẹn náà sì pe ọlọ́pàá.

Ibí yìí ni ó yẹ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti dúró ronú. Ọlọ́pàá wádìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwádìí aláápọ̀nlé ni. Wọn kò wò ó bóyá ọkùnrin náà ti jẹ̀bi rí nílé ẹjọ́. Bí wọ́n bá wò ó, wọn ì bá rí ọ̀rọ̀ ọdún 1976. Wọn kò lọ bá àwọn ẹbí òkú. Ìwé tí Shipman fúnra rẹ̀ kọ ni wọ́n fi yẹ ìwé mìíràn tí òun náà kọ wò, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì bára mu, báwo ni kì bá ṣe bára mu! Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin wọ́n pa fáìlì dé. Ó pa ènìyàn mẹ́ta sí i lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Ẹni ìkẹyìn nínú àwọn mẹ́ta yìí ni ìyá ẹni ọdún 81 kan tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ àánú láàrin ìlú. Ó kú ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 1998, ọjọ́ tí dókítà wá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìwé ìpíngún kan yọ jáde, tí ó fi ohun ìní tí ó ju pọ́n-ùn 380,000 lọ fún Shipman, láì fi kọ́bọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà sì jẹ́ agbẹjọ́rò. Ó wo ìwé náà, ó mọ̀ pé ìyá òun kò lè kọ irú ìwé jákujàku bẹ́ẹ̀ láé. Wọ́n hú òkú náà ní oṣù kẹjọ, wọ́n bá oògùn nínú ẹran ara rẹ̀. Ẹ̀rọ táípù tí wọ́n fi tẹ ìwé ìpíngún náà, ọ̀dọ̀ Shipman ni ó wà. Shipman ní ìyá náà ti sọ oògùn líle di bárakú, ó sì fi àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kan náà ti tọ́jú ọjọ́ àti wákàtí tí ó fi ọ̀rọ̀ náà kún un, lẹ́yìn tí obìnrin náà ti kú. Wọ́n mú un ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 1998. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ ní Preston dá a lẹ́bi ikú ènìyàn 15, wọ́n sì rán an ní ẹ̀wọ̀n gbére.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí adájọ́ obìnrin Dame Janet Smith darí gbé ìròyìn àkọ́kọ́ jáde ní 2002. Ènìyàn 215 ni wọ́n rí i dájú pé ó pa: obìnrin 171, ọkùnrin 44. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ ní 2005, wọ́n fojú bù ú pé gbogbo wọn á tó 250, àti pé ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó fẹsẹ̀ tẹ Hyde. Òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́wọ́ rárá. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2004 ó pokùnso nínú ẹ̀wọ̀n Wakefield. Àwọn kan ní ikú ìyá rẹ̀ ni ó bà á lọ́kàn jẹ́, nítorí pé jẹjẹrẹ pa ìyá náà nígbà tí Shipman wà ní ọmọ ọdún 17. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú kò lóǹkà láyé, wọn kò sì tìtorí rẹ̀ pa ìyá ẹlòmíràn.

Wọ́n máa ń sọ nípa irú ọkùnrin báyìí pé ayé méjì ni ó ń gbé, ti ọ̀sán àti ti òru. Ti Shipman kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní ti òru. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Baker yẹ àwọn ikú náà wò ní 2001, ó rí i pé ọ̀sán ni púpọ̀ wọn ṣẹlẹ̀, ní wákàtí tí dókítà máa ń lọ kí aláìsàn nílé. Ọwọ́ tí ó fi ń gba owó ọ̀yà ni ó fi ń pànìyàn. Orúkọ rere kì í ṣe aṣọ tí ó fi bo iṣẹ́ náà, irinṣẹ́ ni. Bí ìlú kò bá sì fún un ní orúkọ náà, kì bá rí ilẹ̀kùn gbà wọlé. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé.

Ohun kejì tí ó ràn án lọ́wọ́ ni gbólóhùn kan tí gbogbo ayé mọ̀: àgbàlagbà ni, ó ti tó àsìkò. Bí ọ̀dọ́ bá kú lójijì, ìlú á dàrú, wọn á béèrè. Bí arúgbó bá kú lójijì, wọn á ní ó sùn ni. Mélòó nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni ó fojú rí ìyá rẹ̀ lánàá tí ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì sọ fún un lónìí pé ọkàn ìyá rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tipẹ́?

Àwọn kan yóò ní títọpinpin ẹni ọ̀wọ̀ jẹ́ àrífín, àti pé ìròkurò ni ó ń fà á. Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ nínú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dókítà ni ó lọ kí aláìsàn nílé ní ilẹ̀ náà ní ọdún wọ̀nyẹn tí wọn kò pa ẹnì kan, ìlú tí ó bá sì ń wo gbogbo wọn bí olè ti ba ara rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí dókítà obìnrin yẹn ṣe. Kò pariwo lọ́jà, kò sì kó èrò lọ fọ́ fèrèsé ẹnì kan. Ó kà, ó fi iye wé iye, ó sì gbé e lọ síbi tí ó yẹ. Bí ó bá jẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni Shipman, kí ni ìwádìí gidi ì bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ? Ìròkurò ń dájọ́ láìwádìí. Àpọ́nlé tí ó kọjá ààlà náà ń dájọ́ láìwádìí, àre ni ó kàn ń dá. Wọ́n fi àpọ́nlé náà dá Shipman láre ní oṣù kẹrin 1998, ẹ̀mí mẹ́ta ni ó bá a lọ.

Ọgbà kan wà nínú Hyde Park ní ìlú náà tí wọ́n ṣí ní 2005 ní ìrántí àwọn tí ó pa. Òfin kò tètè dé bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án 2024 nìkan ni ó ti di dandan ní England àti Wales pé ikú tí kò bá lọ sọ́dọ̀ olùwádìí ikú òjijì, dókítà mìíràn tí kò tọ́jú òkú náà gbọ́dọ̀ yẹ ìwé rẹ̀ wò. Wọ́n ní láti fún ẹbí náà láyè láti béèrè, kí wọ́n sì sọ bí ohunkóhun nípa ikú náà bá ń kọ wọ́n lóminú. Fún nǹkan bí ogún ọdún, kò sí ẹni tí ó bi àwọn ọmọ Hyde bẹ́ẹ̀, àfi dókítà tí ó pa ìyá wọn ni ó wà níwájú wọn láti dá wọn lóhùn.