Eérú Kì í Ṣe Ẹ̀rí Ikú Iná

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ rò lónìí. Àwọn tí ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn lọ sùn nínú igbó ni mo ń bá wí, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ máa ń dáná yá lóru, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, ẹ ó ní, "Iná ti kú," ẹ ó dìde, ó di ilé.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni ó pa á?

Ẹ wo gírámà ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Nínú "iná kú", iná ni olùwà. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Nínú "mo pa iná", èmi ni olùwà, iná sì ni àbọ̀. Èdè wa fún wa ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì. Àwa ni a yan èyí tí kò di ẹrù ru ẹnikẹ́ni. Bí igbó bá sì jó tán, a ó tún ní "iná ló ràn", bí ẹni pé iná fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀.

Àwọn kan á fèsì pé àwọn baba wa ló sọ pé iná kú, ó fi eérú bojú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àrólé ni òwe yẹn ń sọ. Kì í ṣe ìmọ̀ràn fún ẹni tó ń kúrò ní ibùdó. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń dáná igi léèrè: eérú ni wọ́n fi ń bo ẹyinná lálẹ́ kí iná má baà kú, kí wọ́n lè fẹ́ ẹ jí láàárọ̀. Báwo wá ni ohun tí a fi ń tọ́jú iná ṣe di ẹ̀rí ikú rẹ̀?

Ẹni tó bá rò pé àríyànjiyàn onígírámà lásán ni èyí, kí ó wo ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, mọ̀lẹ́bí méjì dáná síbi tí wọ́n pàgọ́ sí. Wọ́n rò pé ó ti kú, wọ́n bá rìn lọ sínú igbó. Iná náà, tí a mọ̀ sí iná Wallow, jó ju 538,000 éékà lọ, ó sì run ilé tó lé ní 30. Ní ọdún 2012, wọ́n gbà ní kóòtù pé àwọn jẹ̀bi: wọ́n fi iná sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, wọn kò sì ro àyíká rẹ̀ mọ́. Kóòtù kò pe iná lẹ́jọ́. Ènìyàn ni ó pè.

Òfin tí àwọn olùtọ́jú igbó níbẹ̀ fi ń kọ́ àlejò kò le. Ẹ da omi sí iná náà títí kò fi ní dún ṣàà mọ́. Ẹ fi ṣọ́bìrì rò ó pọ̀. Ẹ tún da omi sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra sún ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ ọn: bí ọwọ́ kò bá gbà á, kò tíì tó ohun tí à ń fi sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi iyanrìn bò ó lásán, nítorí ẹyinná lè wà láàyè lábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ẹ ó ní omi wúwo jù fún ẹni tó ń gun òkè? Ẹni tí kò bá ní omi tí yóò fi pa iná, kí ó má dá a rárá. Sítóòfù kékeré tó o.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé òfin òyìnbó ni. Nígbà ọyẹ́, koríko gbígbẹ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kì í béèrè èdè tí ẹni tó dáná ń sọ. Bí òwe la bá sì ń wá, àwọn baba wa ti ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èyí gan-an ni òwe tó yẹ kí a mú lọ sínú igbó.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹ má sọ pé iná ti kú. Ẹ sọ pé, "Mo ti pa á." Ẹni tí kò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kí ó padà lọ pọn omi.