Kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni ọwọ́ ayé wà nínú rẹ̀



Àṣà kan ti ń gbilẹ̀ láàárín àwa awo tí n kò lè dákẹ́ lé lórí mọ́. Ẹni tí iṣẹ́ ti lọ̀ kúnná yóò wọlé wá. Kò rí oorun sùn, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, iṣẹ́ tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ti sú u. A kò ní tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán tí a ó fi sọ pé ayé ló ń bá a jà. Ẹbọ ń tẹ̀lé ẹbọ. Owó ń lọ, àárẹ̀ kò lọ.

Mo ní ìwà bẹ́ẹ̀ kò bá Ifá mu. Kí ni ìbò wà fún? Òun la fi ń bi Ifá bóyá ire ni tàbí ibi, àti irú ibi tó jẹ́. Ẹni tó ti dárúkọ ọ̀tá kó tó di ìbò kò bi Ifá léèrè ohunkóhun. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń dáhùn.

Nọ́ọ̀sì kan wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tó ti rú ẹbọ mẹ́ta níbòmíràn. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe léraléra, ilé àti ọmọ sì ń dúró dè é ní òwúrọ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ló sùn tẹ́rùn kẹ́yìn. Ẹkún ló fi dá mi lóhùn. Nínú gbogbo àwọn tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè yẹn.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́ láìrí ojútùú ló ń fa irú àárẹ̀ yìí. Àmì rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: agbára á tán, ọkàn á kúrò lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ kò sì ní yọrí mọ́. Ìṣẹ̀ṣe kò ṣàìní ìdáhùn sí i. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àbáláyé wa, ọ̀pọ̀ olùsìn kì í sì í roko lọ́jọ́ òrìṣà wọn. Títí dòní, nínú Candomblé ní Brazil, ẹni tí wọ́n bá bọ orí rẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ lórí ẹní, a sì sinmi kúrò nínú ariwo. Ìsinmi wà nínú ìsìn. Àwa la yọ ọ́ kúrò, tí a fi ẹran rọ́pò rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní ebi kì í jẹ́ kí tálákà sinmi. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ẹrù ẹnì kan ṣoṣo ni ìfaradà. Àwọn baba wa dá àáró, wọ́n bẹ ọ̀wẹ̀, kí oko ẹni tó rẹ̀ má baà di igbó. Ilé Ifá tó lè péjọ jẹ iyán ọdún lè pín oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ọmọ láàárín ara wọn, kí ẹni tó ti rẹ̀ lè rójú sùn.

N kò sọ pé kí a má rúbọ. Ẹbọ a máa la ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lágbára ìdúró kò lè rin ọ̀nà náà. Ọ̀rúnmìlà pàápàá kì í ṣe ìwòsàn láìsí Ọ̀sanyìn. Nítorí náà, bí àárẹ̀ bá ti di àìnírètí, ẹ jẹ́ kí dókítà náà bá wa dá sí i.

Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, ẹ bèèrè oorun kí ẹ tó bèèrè ewúrẹ́.