Ìgbì Lẹ̀mí Etíkun

Ó rọrùn kí ẹni tó ń kọ́ ilé ìṣàfihàn ẹ̀dá inú omi ná gbogbo owó rẹ̀ sórí dígí àti iná. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tó ń gbé etíkun kò lè ṣe láìsí ìgbì.

Àwọn tó kọ́ Monterey Bay Aquarium ní Kalifóníà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1984, mọ èyí. Táńkì igbó ewéko òkun ibẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 28. Wọn kò bo orí rẹ̀, kí oòrùn lè wọlé. Ẹ̀rọ kan sì ń ti omi síwá sẹ́yìn, nítorí inú omi tó ń mì ni ewéko náà ti ń rí oúnjẹ fà. Lọ́sàn-án, wọ́n ń sẹ́ omi òkun kí àlejò lè ríran kedere. Lóru, wọ́n ń jẹ́ kó wọlé láìsẹ́, kí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú rẹ̀ lè di oúnjẹ fún ohun tó lẹ̀ mọ́ àpáta.

Ohun abẹ̀mí ló ṣáájú, òǹwòran ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, kó ṣètò omi, ìgbì àti oòrùn kó tó ra dígí.