Ẹ̀rọ Kan Ṣoṣo Kò Lè Ròyìn Ọpọlọ Tán

Ní ọdún 2009, Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé òkú ẹja salmon kan sínú ẹ̀rọ MRI. Wọ́n ń fi fọ́tò àwọn ènìyàn hàn án, wọ́n sì ní kó sọ bí nǹkan ṣe rí lára àwọn tó wà nínú fọ́tò náà. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò láìṣe àtúnṣe tó yẹ, kọ̀ǹpútà ní apá kan nínú ọpọlọ ẹja náà ń ṣiṣẹ́. Òkú ẹja o! Wọ́n ṣe é láti kìlọ̀ fún àwa tí a fẹ́ràn àwòrán aláràbarà pé àwòrán nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹja yìí ni mo máa ń rántí bí ẹnì kan nínú kíláàsì bá ti sọ pé, "MRI ti fi hàn pé ibí yìí so mọ́ ibí yẹn." Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn apá ọpọlọ ṣe so pọ̀ gbọ́dọ̀ pa ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Ó sì yẹ kí ẹ̀ka wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, kí a má dúró de ọjọ́ tí a ó ra ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ẹ wo ibi tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ. fMRI, tí Seiji Ogawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1990, kì í wo iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wò. Bí àmì ibi méjì bá jọ ń lọ sókè sódò, a ó ní wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5 kí àmì ẹ̀jẹ̀ yẹn tó dé góńgó, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ti sọ tirẹ̀ tán tipẹ́. EEG, tí Hans Berger ará Jámánì kọ̀wé jáde nípa rẹ̀ ní 1929, yára gan-an, ṣùgbọ́n agbárí máa ń da àmì rẹ̀ rú, kì í rọrùn láti mọ ibi tó ti wá gan-an. Diffusion MRI ń wo bí omi ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fọ́nrán iṣan, ó sì ń fi ìyẹn ya ọ̀nà wọn. Ṣùgbọ́n níbi tí fọ́nrán bá ti kọjá lára ara wọn, kọ̀ǹpútà lè ya ọ̀nà tí kò sí rárá.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun tí ọ̀kan kò lè ṣe ni èkejì ń ṣe.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú Human Connectome Project, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2010, tó sì kó dátà nǹkan bí 1,200 àgbàlagbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́ jọ. Ní 2016, Matthew Glasser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo dátà yìí. Wọ́n pa sísanra èèpo ọpọlọ, ọ̀rá tó bo fọ́nrán, iṣẹ́ tí ibẹ̀ ń ṣe àti ìsopọ̀ rẹ̀ pọ̀. Wọ́n rí apá 180 ní ìhà kọ̀ọ̀kan èèpo ọpọlọ, 97 nínú rẹ̀ sì jẹ́ tuntun.

Ẹlòmíràn á ní, "Owó dà?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀, tó sì gba àdéhùn wọn, lè lo ọ̀pọ̀ nínú dátà yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni pé dátà náà wúwo, iná wa kò sì dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde: kọ̀ǹpútà alágbára kan àti bátìrì rẹ̀ ni kí ẹ dá jọ fún ẹ̀ka, kì í ṣe MRI. Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó wà ní ọdún ìkẹyìn mú dátà àwọn ènìyàn kan náà, kí ọ̀kan fi fMRI wá ìsopọ̀, kí èkejì fi diffusion MRI wá a, kí wọ́n wá jọ sọ ibi tí èsì wọn ti bára mu àti ibi tó ti takora.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ìwádìí Ìbàdàn àti Indianapolis tó jáde ní 2001 rí i pé nínú àwọn àgbàlagbà, ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn Alzheimer ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún láàárín àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 2.52 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Bí ìyàtọ̀ bá tó báyìí, a kò lè fi ọpọlọ ẹlòmíràn ṣàlàyé tiwa.

Irun wa pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fìlà EEG kì í sábà jókòó dáadáa lórí irun tó ki. Arnelle Etienne, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Carnegie Mellon, ló ronú pé kí wọ́n di irun náà, kí wọ́n sì fi ohun èlò há sáàárín ìlà irun. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni. Onídìrí àdúgbò wa mọ̀ ju gbogbo wa lọ nípa apá ìṣòro yẹn, a kò tíì bi í léèrè ni.