Ọmọ wà l'Ágége, ọmú wà n'Íkẹjà
Aago 6 àárọ̀ ni mo máa ń gbé ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́rin, sí jẹ́lé-ó-sinmi l'Ágége, kí n tó wọ ọkọ̀ lọ síbi tí mo ti ń di bisikíìtì sí páálí ní Ọba Akran, Ìkẹjà. Abala 54 òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, láti fọ́mọ lọ́mú. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 30 kò lè gbé mi dé Agége kó tún gbé mi padà. Ọmú á kún, á rin aṣọ iṣẹ́ mi. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti ń fún omi ọmú náà dànù. Ó ń dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ ní Ọba Akran, ẹ jọ dáwó, ẹ kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan sítòsí géètì yín. Ẹ jẹ́ kí omi ọmú dé ẹnu ẹni tó ni ín.