Títún Yíǹkì Rọ Sínú Kátíríìjì Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tòkúńbọ̀: Ó Tọ́ Tàbí Kò Tọ́?

ÌLAPA ÈRÒ

(i) Ìfáárà: ohun tí kátíríìjì ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́, àti èrò mi lórí ọ̀rọ̀ náà
(ii) Àwọn ìdí tí ó fi tọ́
(iii) Ohun tí àwọn alátakò ń sọ, àti èsì rẹ̀
(iv) Ibi tí ó yẹ kí a pààlà sí
(v) Ìkádìí

ÀRÒKỌ

Ẹni tí ó bá gba títì Ring Road kọjá ní Ìbàdàn, láti Challenge títí dé agbègbè ilé-ìwòsàn Adéọ̀yọ́, yóò rí àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ọ̀nà. Níbẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò jáde, tí àwọn tí ń wá iṣẹ́ ti ń tẹ lẹ́tà, tí àwọn oníṣòwò sì ti ń tẹ ìwé owó. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tòkúńbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí.

Kátíríìjì ni àgò kékeré tí yíǹkì wà nínú rẹ̀. Bí a bá ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníyíǹkì ní tuntun, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é máa ń fi kátíríìjì sínú páálí rẹ̀. Èyí ni a ń pè ní kátíríìjì ìbẹ̀rẹ̀. Yíǹkì inú rẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti èyí tí a ń rà lọ́tọ̀ lọ́jà. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bá fi di àlòkù, tí ó dé ọwọ́ ẹlòmíràn, kátíríìjì yìí ti tán tàbí kí ó kù díẹ̀ kí ó tán. Ǹjẹ́ kí ẹni tí ó rà á jù ú nù ni, tàbí kí ó fi abẹ́rẹ́ rọ yíǹkì mìíràn sínú rẹ̀? Èrò tèmi ni pé ó tọ́ kí a tún un lò, bí a bá tètè ṣe é, tí a ṣe é dáadáa, tí a kò sì tan ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá jẹ.

Lákọ̀ọ́kọ́, ohun tí ènìyàn bá fi owó rà, tirẹ̀ ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ ni ó ni kátíríìjì inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Lexmark, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ni ó pe Impression Products lẹ́jọ́ nítorí pé wọ́n ń ta kátíríìjì Lexmark tí a ti lò tán, tí a sì tún rọ kún. Ilé-ẹjọ́ ní gbàrà tí Lexmark ti ta kátíríìjì kan, ẹ̀tọ́ tí òfin fún un gẹ́gẹ́ bí olùhùmọ̀ ti parí lórí èyí tí ó tà náà. Lóòótọ́, òfin Amẹ́ríkà kọ́ ni òfin Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú ìdájọ́ yìí bá ti àwọn àgbà wa mu.

Lọ́nà kejì, títún kátíríìjì lò ń gba oníṣẹ́ kékeré lọ́wọ́ ìnáwó. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ta ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, inú yíǹkì ni wọ́n ti ń wá èrè. Ìṣòro iná mànàmáná tún wá dá kún un fún wa. Nígbàkigbà tí a bá tan ẹ̀rọ oníyíǹkì, ó lè kọ́kọ́ fi yíǹkì fọ àwọn ihò wínníwínní ẹnu rẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí iná bá wá ń lọ tí ó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, yíǹkì púpọ̀ yóò ṣòfò láìtẹ ìwé kankan. Bí iná bá sì lọ lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀wé lọ́wọ́, ẹnu náà kò ní lè padà sí ibi tí ó ti ń rí ìdérí, yíǹkì yóò sì gbẹ mọ́ ọn. Ẹni tí irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí kò lè máa ra kátíríìjì tuntun nígbà gbogbo kí èrè kan sì kù fún un láti fi tọ́jú ọmọ.

Lọ́nà kẹta, ó ń dín ìdọ̀tí kù. Ike ni kátíríìjì, kì í jẹrà bí ewé. Ní ọdún 2015 àti 2016, Basel Convention Coordinating Centre fún ilẹ̀ Áfíríkà, tí ó wà ní Ìbàdàn níbí, pẹ̀lú Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣe ìwádìí ní èbúté Èkó. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù àlòkù ohun èlò tí ń lo iná ni ó ń wọlé lọ́dún, àti pé ó kéré tán, 19 nínú 100 rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹrù báyìí bá ti wọ̀lú tán, ohun tí ó kù fún wa ni kí a lo èyí tí ó ṣì wúlò nínú rẹ̀ pẹ́. Ará Ìbàdàn kò sì ní gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980, nígbà tí ìdọ̀tí dí ojú omi tí ẹ̀mí àti dúkìá sì ṣòfò. Kátíríìjì kan kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ni ìdọ̀tí fi ń di òkìtì.

Àwọn alátakò ní yíǹkì tí a rọ máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ HP kéékèèké, ara kátíríìjì ni ihò tí ń tu yíǹkì wà, bí ó bá bàjẹ́, kátíríìjì nìkan ni a pàdánù. Nínú ẹ̀rọ Epson, ara ẹ̀rọ ni ihò náà wà, yíǹkì tí kò dára sì lè di gbogbo rẹ̀ pa. Wọ́n tún ní chip tí ń ka yíǹkì lè máa sọ pé kátíríìjì ṣófo nígbà tí ó ti kún. Èyí náà ń ṣẹlẹ̀: ẹ̀rọ kan yóò gbà kí a máa bá iṣẹ́ lọ, òmíràn yóò kọ̀ jálẹ̀. Nítorí náà, kí ènìyàn tó san owó ẹ̀rọ tòkúńbọ̀, kí ó béèrè irú èyí tí ó jẹ́, kí ó sì rí i kí ó tẹ̀wé lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí rírọ yíǹkì bá burú fúnra rẹ̀, àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ kò ní máa ta ẹ̀rọ tí a ń rọ yíǹkì sí. Ní ọdún 2010 ni Epson bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ ní Indonéṣíà, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Síbẹ̀, aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní ń tẹ́. Kí a rọ yíǹkì kí kátíríìjì tó gbẹ. Nínú àwọn ẹ̀rọ tí ń fi ooru ti yíǹkì jáde, yíǹkì náà ni ó ń mú kí ibi tí ń gbóná níbẹ̀ tutù, bí a bá sì ń tẹ̀wé lọ lórí òfìfo, yóò jó. Kí a lo yíǹkì tí ó bá ẹ̀rọ mu, kí a má sì da àwọ̀ kan pọ̀ mọ́ èkejì. Ní pàtàkì jù lọ, ọ̀pọ̀ yíǹkì tí a ń rọ ni omi ń tètè fọ̀. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tí òjò pa ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, tí nọ́ńbà tí ó wà lórí ìwé rẹ̀ ṣàn di dúdú ràkọ̀ràkọ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó gba orí ẹ̀rọ lésà jáde, nítorí lúbúlúbú tí ooru yọ́ mọ́ ìwé ni ẹ̀rọ yẹn ń lò. Oníṣọ́ọ̀bù tí kò bá ní i, kí ó sọ fún oníbàárà kí ó tó gba owó. Òtítọ́ lè dọ́jà kí ó kùtà lónìí, ṣùgbọ́n oníbàárà tí a kò tàn jẹ yóò padà wá.

Ní ìkádìí, mo fara mọ́ ọn pé kí a máa tún kátíríìjì ìbẹ̀rẹ̀ lò nínú ẹ̀rọ tòkúńbọ̀. Ẹni tí ó rà á ni ó ni ín, ó ń gba tálákà lọ́wọ́ ìnáwó, ó sì ń dín ìdọ̀tí ìlú kù. Ṣùgbọ́n lẹ́tà àti ìwé tí a óò kà tì ni kí a fi tẹ̀. Ìwé tí ọjọ́ ọ̀la ènìyàn bá rọ̀ mọ́, kí a wá ohun tí omi kò lè fọ̀ fún un.