Òórùn Tí Ń Yí Padà Lára: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Lọ́fínńdà Ọkùnrin

Ní Àgbègbè Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀rọ Ìkòròdú, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ń kí ara wọn lẹ́nu géètì, òun náà ni wọ́n sì fi ń ná oúnjẹ ọ̀sán. Ní ìlú Ìkòròdú yìí ni PZ Cussons ní ilé ìṣe ọṣẹ sí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan èròjà olóòórùn tí a ń pò mọ́ ọṣẹ, ìpara àti lọ́fínńdà, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹnu ń yà sí. Kì í ṣe pé Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ náà. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìperí ni kò tí ì dé ibẹ̀.

Lọ́fínńdà ọkùnrin tí ilé Christian Dior gbé jáde ní 1966, Eau Sauvage, tí Edmond Roudnitska pò, jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Bí a bá fín in sí ọrùn ọwọ́, òórùn ọsàn kíkan àti ti ewé kan tó jẹ́ ìbátan èfìnrín ni imú ń kọ́kọ́ gbọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí òórùn tó jọ ti òdòdó jásímìnì fi ń bọ́ sí ipò wọn. Nígbà tí ọjọ́ bá rọ̀, òórùn tó jọ ti egbò koríko gbígbẹ ló ń ṣẹ́ kù.

Kì í ṣe idán. Awọ ara ènìyàn máa ń gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò sí èyí tí yóò hó nínú àwọn èròjà náà ní ìwọ̀n yìí. Ṣùgbọ́n bí aṣọ tí a sá ṣe ń gbẹ láìjẹ́ pé omi inú rẹ̀ hó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fò díẹ̀díẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ìyára wọn kò dọ́gba. Ẹ́tánọ́ọ̀lù tó gbé wọn dání, tí í hó ní 78, ló ń kọ́kọ́ lọ. Limonene inú èèpo ọsàn, tí í hó ní 176, ń tẹ̀ lé e. Coumarin, tí Paul Parquet lò nínú Fougère Royale ti ilé Houbigant ní 1882, kì í hó títí di nǹkan bí 300. Ìdí nìyẹn tí òórùn rẹ̀ fi ń pẹ́ lára. Ooru Èkó ń mú kí gbogbo rẹ̀ yá sí i. Òrí tàbí àdín tí a bá kọ́kọ́ fi para lè dá a dúró díẹ̀.

Àwọn Faransé fi orí, ọkàn àti ìdí sọ orúkọ ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹnìkan bá túmọ̀ wọn ní tààrà, yóò di òórùn orí, òórùn ọkàn àti òórùn ìdí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn tí kò ní fi ọwọ́ bo imú. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. William Poucher, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1955, fi òǹkà láti 1 dé 100 to àwọn èròjà olóòórùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pẹ́ sí kí wọ́n tó fò tán. Àkókò ló wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀yà ara. Nítorí náà, ó tọ́ kí èdè Yorùbá ní òórùn àkọ́fò, òórùn àtẹ̀lé àti òórùn àgbẹ̀yìn. Kí a sì pe èròjà tí kì í jẹ́ kí òórùn tètè lọ ní amóòórùndúró.

Àwọn kan yóò ní kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò, nítorí lọ́fínńdà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ohun kan yàtọ̀ sí orúkọ ìṣesí rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ àkọ́fò ti gbọ́ ìdajì àlàyé. Iṣẹ́ ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá ti 1984, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, pèsè fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kò sí lára ohun tó pèsè fún.

Àìní yìí ń pa àwọn ènìyàn lára. Oníbàárà tó fín lọ́fínńdà sọ́wọ́ lọ́jà, tó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì sanwó, àkọ́fò nìkan ló rà. Àgbẹ̀yìn ni yóò bá a délé. Ti òṣìṣẹ́ tó ń da ẹ́tánọ́ọ̀lù tún léwu jù. Ojú ìgbaná rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ooru tí ohun tó ń fò lára rẹ̀ fi lè gbaná bí iná bá kàn án, kò ju nǹkan bí 13 lọ. Èkó kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sán tàbí ní òru. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ fún ojú ìgbaná kò lè fi èdè rẹ̀ kìlọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ tuntun kí ó tó ṣáná.

Ó yẹ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè àti ti kẹ́mísírì ní àwọn yunifásítì jùmọ̀ lọ sí Ìkòròdú, kí wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pe nǹkan wọ̀nyí kí wọ́n tó fi ìdí ọ̀rọ̀ kankan múlẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju àkọ́fò lọ, ti wọn ni kó wọ inú ìwé.